Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣojú wa méjìlá ní Abuja, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ọkọ̀ ogun tuntun

Ẹ̀yin Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin mẹ́sàn-án tí ìpínlẹ̀ Oǹdó dìbò yàn lọ sí Abuja,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Akúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín, níbi tó jẹ́ pé omi tí a ní náà ni odò Àlà, tí ọ̀pọ̀ ibi rẹ̀ kì í mu èèyàn dé orúnkún bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Ẹ lè máa wò ó pé kí ló kan ará òkè nínú owó àwọn Néfì. Bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ kan náà ni èmi àti ẹni tó ń ju àwọ̀n ní Ayétòrò létíkun Ìlàjẹ, ẹja tó sì ń gba Òkìtìpupa àti Oǹdó wọ ọjà Ìsìkàn, inú omi tí mò ń sọ yìí ló ti wá. Àwọn àgbààgbà Ìlàjẹ máa ń sọ pé etíkun tiwa ló gùn jù ní Nàìjíríà. Ará Bayelsa lè bá wọn jiyàn, n kò ní dá sí i. Ṣùgbọ́n òkun ló mú gbogbo ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ owó ààbò bá délẹ̀ lọ́dọọdún, bí ẹni pé Èkó, Rivers àti Bayelsa nìkan ló ni òkun ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, tí ẹ̀yin tiwa sì máa ń jókòó bí àlejò níbẹ̀.

Ká má fepo bọyọ̀. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má fọwọ́ sí ọkọ̀ ogun ńlá tuntun kankan títí ẹ ó fi rí owó epo, owó pátì àti owó àtúnṣe àwọn tó wà nílẹ̀ nínú ìwé ìṣúná, lórí ìlà tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fà lọ ṣe nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tuntun dùn ún yà fọ́tò. Kò sí gómìnà tàbí ààrẹ tó ń gé ríbọ́ọ̀nù nítorí pé wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn ará ilé lóhùn ná, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Ọjà Ọba. Wọ́n ní lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ tí ó kéré tán èèyàn 40 kú, kò sí ọkọ̀ ogun kan tó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní àgbẹ̀ tó ń dáko ní Àríwá Akúrẹ́ ń bẹ̀rù oko ara rẹ̀. Inú igbó ni ewu wà, kí la fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe? Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo di owó náà mú, ẹni tó ń ṣọ́ igbó Ọ̀wọ̀ ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ṣùgbọ́n níbo ni owó ọta àti owó oṣù ẹni tó ń ṣọ́ igbó yẹn ti ń wá? Epo rọ̀bì ló ń mú apá kan tó tóbi nínú rẹ̀ wá. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, olè epo ti ṣọṣẹ́ débi pé ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń wà jáde lójúmọ́ kò tó mílíọ̀nù kan àgbá mọ́. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń mú epo jáde, owó ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa, OSOPADEC, àjọ ìpínlẹ̀ wa tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè epo, sì ni òfin ní kó gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún àwọn ará etíkun. Àgbá epo tí wọ́n bá jí lórí omi, ó ti kúrò lára owó yẹn kí ó tó dé Alágbàká, ibi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, rárá. Ẹni tó bá ń sọ pé òkun kò kan Akúrẹ́, kò tíì wo ìwé owó tó ń wọlé sí Akúrẹ́ ni.

Owó tí a ti ná sórí omi kò sì ṣòfò tán. Ní ọdún 2020, nínú èèyàn 135 tí àwọn ajalèlókun jí gbé káàkiri àgbáyé, 130 ló jẹ́ pé Gulf of Guinea tiwa níbí, òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ti jí wọn, gẹ́gẹ́ bí International Maritime Bureau, àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìjalèlókun lágbàáyé, ṣe kà á. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ̀lẹ̀ ìjalèlókun níbí, tó ti jẹ́ 81, já wálẹ̀ sí 34. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó ya ìjalèlókun sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìjìyà tirẹ̀ ti jáde ní 2019, Deep Blue, ètò ìjọba àpapọ̀ fún ṣíṣọ́ omi wa, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2021, àwọn Néfì tiwa ń jáde, àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ òkèèrè náà ò sì gbẹ́yìn; ti Denmark tó ń jẹ́ Esbern Snare pa ajalèlókun mẹ́rin nínú ìjà ìbọn ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Nítorí náà kì í ṣe pé kí ẹ gé owó Néfì ni mò ń wí. Irú ìnáwó tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ tú wò.

Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ NNS Aradu, ọkọ̀ ogun Néfì wa kan (NNS ni Nigerian Navy Ship). Ilé iṣẹ́ Blohm + Voss ní Hamburg, ní Jámánì, ló kàn án. Ní 1982, lásìkò Ààrẹ Shehu Shagari, ló wọ iṣẹ́. Ó gùn ju mítà 125 lọ, ó gbé mísáìlì, ó ní ibi tí hẹlikọ́pítà ń bà sí. Nígbà yẹn, kò sí ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè kankan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó lè dúró tì í. Òun nìkan kọ́ la rà. Láwọn ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ amísáìlì mẹ́ta dé láti Faransé, tí a pè ní Siri, Ayam àti Ekun, tí mẹ́ta mìíràn sì dé láti Jámánì, Ekpe, Damisa àti Agu. Kí ọdún 1980 sí 1989 tó parí, Italy tún ti kan ọkọ̀ méjì tó ń wá bọ́ǹbù inú omi fún wa, Ohue àti Barama. Ẹ ka iye orúkọ yẹn. Ó tó ọkọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani.

Kí ló wá ṣe wọ́n? Ọ̀tá kò rì wọ́n. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀, ìjọba ológun ń rọ́pò ara wọn, ọdún ń gorí ọdún, owó pátì kò sì tó nǹkan nínú ìṣúná, títí àwọn ọkọ̀ náà fi ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sí etí èbúté. Aradu ní túrọ́báínì Rolls-Royce Olympus méjì àti ẹ́ńjìnnì dísù MTU méjì. Irú pátì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń lọ wá ní Ládípọ̀. Ọdún pípẹ́ ni kò ti jáde sójú òkun mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtúnṣe rẹ̀ tó tún jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọmọ ogun tí wọn kò tíì bí nígbà tó dé ti ń fẹ̀yìn tì báyìí. Bí wọ́n bá tún gbé àbá àtúnṣe rẹ̀ wá síwájú yín, ẹ fara balẹ̀ bi wọ́n pé lẹ́yìn tó bá tún ṣe, ta ni yóò máa bọ́ ọ?

Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí iṣẹ́ tèmi. Ìdí ìwé owó ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba sí. Ìgbà kan wà tí wọ́n ra katapílà tuntun sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan, owó rírà rẹ̀ wà nínú ìṣúná, àwọn ọ̀gá wá, àwọn oníròyìn wá, dẹ́rẹ́bà wà á yípo ọgbà kí wọ́n lè yà á dáadáa. Lọ́dún kejì mo wá ìlà owó dísù àti táyà rẹ̀ nínú ìwé títí, kò sí. Kò sẹ́ni tó jí owó kankan o. Wọn ò kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Koríko ló bò ó mọ́ ẹ̀yìn ọgbà. Ọkọ̀ ogun kò yàtọ̀ sí i, àfi pé iyọ̀ òkun yára jẹ irin ju òjò Akúrẹ́ lọ.

Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun nílùú mìíràn mọ̀ pé owó rírà ọkọ̀ ogun ni ó kéré jù. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti jù ú sómi títí dọjọ́ tí wọ́n máa gé e tà fún àwọn tó ń ra àjákù irin, ohun tó máa jẹ lórí òṣìṣẹ́, epo, pátì àti dọ́ọ̀kì ju ìdajì gbogbo owó rẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ kan wà lójú omi lọ́jọ́ gbogbo, mẹ́ta ló nílò, nítorí ọ̀kan á wà nídìí àtúnṣe, ọ̀kan á máa kọ́ àwọn ọmọ inú rẹ̀ níṣẹ́, ẹyọ kan tó kù ló máa ṣọ́ òkun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Nínú àbá ìṣúná ọdún 2025 tí Ààrẹ Tinubu gbé wá síwájú yín ní oṣù Kejìlá 2024, tírílíọ̀nù 4.91 náírà ni ti ààbò pátápátá, sójà, Néfì, ológun òfúrufú, ọlọ́pàá, gbogbo wọn. Ṣẹ́ ẹ sí dọ́là ní 1,500 náírà, bíi bílíọ̀nù 3.3 dọ́là ló jẹ́. Ní 2019, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ frigate (irú ọkọ̀ ogun ńlá kan) Type 31 márùn-ún jáde ní bílíọ̀nù 1.25 pọ́n-ùn, mílíọ̀nù 250 fún ẹyọ kan, èyí tí àwọn fúnra wọn sì ń pè ní ọ̀pọ́ọ́kú ni. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ́ọ́kú yẹn, kí wọ́n tó da epo sí i, ti sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó ààbò Nàìjíríà lọ́dún kan. Ẹ má sì gbàgbé pé títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́wọ́ ìjọba. Pátì tí a ń fi dọ́là àti yúrò rà ti di ìlọ́po mẹ́ta láìsí pé ọkọ̀ kankan fi ìdákọ̀ró sílẹ̀.

South Africa lówó jù wá lọ dáadáa lórí ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ wo ibi tó bá a. Wọ́n ra frigate mẹ́rin àti ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́ta láti inú àdéhùn ohun ìjà ọdún 1999. Àwọn frigate náà jẹ́ MEKO, ẹbí ọkọ̀ Jámánì kan náà tí Aradu ti wá; àbúrò Aradu wa ni ká pè wọ́n. Lónìí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà ní ibùdó Néfì wọn ní Simon's Town tí wọn kò lè jáde, nítorí owó àtúnṣe kò bá wọn dàgbà.

Àwa náà wá ta ọgbọ́n tokúnbọ̀. Amẹ́ríkà fún wa ní ọkọ̀ Chase ní 2011, a sọ ọ́ ní NNS Thunder. Gallatin tẹ̀ lé e ní 2014, ó di NNS Okpabana. Méjèèjì ti sin Amẹ́ríkà ju ogójì ọdún lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. N kò kẹ́gàn wọn. Thunder rìn dé Sydney ní Australia ní 2013 síbi tí ọkọ̀ ogun àgbáyé ti pàdé, ojú kò sì tì wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní túrọ́báínì tó ń mu epo, ọjọ́ orí wọn sì ti pẹ́. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń jẹ lọ́dún.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa rántí bí àwọn ọ̀gá Néfì bá jókòó síwájú yín. Ní oṣù Kẹjọ 2022, ọkọ̀ agbépo ńlá kan tó ń jẹ́ MT Heroic Idun wọ ibi kànga epo Akpo lóru láìgbàṣẹ. Ẹ̀rọ ìṣọ́ Falcon Eye, tí wọ́n ṣí ní 2021, rí i láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n rán NNS Gongola lọ bá a. Ọkọ̀ agbépo náà kọ̀, kò tẹ̀ lé wọn, ó tilẹ̀ ké sí ayé pé ajalèlókun ló ń lé òun, ó sì sá kúrò nínú omi wa. Kí ni ọkọ̀ ìṣọ́ lè ṣe sí agbépo tó gùn ju mítà 300 lọ? Equatorial Guinea, tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì, ló bá wa mú un. Wọ́n dá a padà ní oṣù Kọkànlá, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, ní 2023 àwọn tó ni ọkọ̀ náà gbà láti san mílíọ̀nù 15 dọ́là fún ìjọba àpapọ̀.

Ẹlòmíràn á ka ìtàn yìí, á ní ẹ rí i, ọkọ̀ ńlá la nílò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èmi ṣe kà á. Ojú tó rí agbépo náà kò wọ́n tó ọkọ̀ ogun, ó sì ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a nílò lóru yẹn ni ọkọ̀ tó tóbi níwọ̀nba, tó ti wà lójú omi tẹ́lẹ̀, tí epo kún inú rẹ̀. A sì ní irú rẹ̀ lórúkọ. NNS Centenary àti NNS Unity tí China kàn fún wa, tí wọ́n dé láàárín 2015 sí 2016, gùn tó mítà 95. Nítorí náà, kàkà kí ẹ máa bi àwọn Néfì pé ọkọ̀ mélòó ni wọ́n ní, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lò lójú òkun lọ́dún tó kọjá, àti pé mélòó nínú wọn ló lè tú okùn lálẹ́ òní bí ìpè bá dé. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àṣírí ogun. Ẹ lè bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀ bí wọ́n bá ní àṣírí ni.

Ibi tí inú mi ti ń dùn díẹ̀ ni ti àwọn ọkọ̀ tí a kàn nílé. NNS Andoni wọ iṣẹ́ ní 2012, Karaduwa ní 2016, Oji ní 2021, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti dọ́ọ̀kì Néfì ní Èkó. Mẹ́ta láàárín bí ọdún mẹ́wàá kò yá, n kò ní tan yín, wọn kò sì tóbi. Ṣùgbọ́n wẹ́dà tó jó irin rẹ̀ wà ní Èkó. Bí ó bá bàjẹ́, náírà la máa fi san owó iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ìwé àṣẹ láti Jámánì. Bí owó bá fẹ́ ṣẹ́ kù nínú ìṣúná yín, dọ́ọ̀kì yẹn ni kí ẹ kó o sí. Ayétòrò tiwa yìí náà, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti ń kan ọkọ̀ tirẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì dáyé. Òkun ló ń jẹ ẹ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ni wọ́n ti kọ sínú ìwé fún dídí òkun yẹn, ṣùgbọ́n òkun kò mọ̀wé kà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín gbé dìde. Owó tí Nàìjíríà ń ná láti ṣọ́ omi rẹ̀ kò sí nínú àpò kan. Ti Néfì wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ààbò. Ti Deep Blue, tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 195 dọ́là, tó ní ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfúrufú àti hẹlikọ́pítà tirẹ̀, wà lọ́dọ̀ NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ojú omi, tó ti di ti ilé iṣẹ́ tuntun tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi láti 2023. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ páìpù epo tí wọ́n gbé fún ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2022, tí ìròyìn sọ pé ó tó bílíọ̀nù 48 náírà lọ́dún nígbà náà, ọ̀nà ti NNPC ló gbà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo omi kan náà. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ọ̀kan wò kì í rí ìwé èkejì. Nídìí ìwé owó tí mo ti wá, ẹni tó ní àpò mẹ́ta tí kò kà wọ́n pọ̀ rí, kò lè sọ pé òun kò lówó. Ẹ ní kí wọ́n kó wọn sí ojú ewé kan ṣoṣo fún yín: ta ló ní ọkọ̀ wo, níbo ló wà, ta ló ń bu epo sí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé owó àtúnṣe tí a ń wá kiri ti wà níbì kan tẹ́lẹ̀.

Ti bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń pẹ́ jáde náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sún apá iṣẹ́ àkànṣe nínú ìṣúná 2024 dé oṣù Kẹfà 2025, tí ẹ tún sún un dé oṣù Kejìlá. Ọ̀nà lè dúró de owó, ilé ìwòsàn lè dúró bí ó tilẹ̀ dun ni, ṣùgbọ́n bí wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun yẹ kó lò kí wọ́n tó tú u palẹ̀ bá ti pé, bí wọ́n bá fi kún un, wọ́n ń pa á ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí owó àtúnṣe ní ìlà tirẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ jáde.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó nǹkan tí kì í ṣe ti Néfì sábẹ́ orúkọ Néfì. Ní 2023, bíi bílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ ààrẹ wà lábẹ́ wọn nínú ìṣúná àfikún, títí Ilé Aṣojú-ṣòfin fi yọ ọ́, tí wọ́n gbé owó náà sórí ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wá ku Ìgbókòdá, ìlú Ìlàjẹ létí omi. Àwọn Néfì ní ibùdó kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Forward Operating Base, abẹ́ Western Naval Command ní Èkó ló wà. Ẹni tí apẹja ibẹ̀ ń bẹ̀rù kì í ṣe ọ̀gágun ilẹ̀ òkèèrè. Olè tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ayára sáré jáde láti inú àbàtà ni, tó ń tú ẹ́ńjìnnì Yamaha kúrò nídìí ọkọ̀ apẹja, tó sì ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wa ọkọ̀ lọ́wọ́ padà sílé. Ẹ́ńjìnnì yẹn lè jẹ́ owó àjọ gbogbo ilé kan. Frigate kò lè lé olè yẹn, kò tilẹ̀ lè wọ ibi tí olè náà ń gbé, nítorí omi ibẹ̀ kò jìn. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń sáré ló lè lé e, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì mìíràn nípamọ́, àti epo tó máa tó o lo lóṣù. Bí ẹ bá gé owó ọkọ̀ ńlá kan, ẹ wo iye irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ tó lè wọ Ìgbókòdá. Èbúté omi jíjìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń lé kiri náà, oníṣòwò wo ló máa gbé ọjà rẹ̀ wá síbẹ̀ bí apẹja kò bá lè sùn?

Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun náà wà níbẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ kò tíì gbàgbé Parabe, ní oṣù Karùn-ún 1998, nígbà tí wọ́n fi hẹlikọ́pítà ilé iṣẹ́ epo gbé àwọn agbófinró dé orí pèpéle epo lójú òkun, tí ọ̀dọ́ méjì kú. Ọmọ ogun tó mọ orúkọ abúlé tó ń ṣọ́, tó mọ ọkọ̀ apẹja yàtọ̀ sí ti olè láti ọ̀nà jíjìn, kò wọ́n tó mísáìlì, èmi a sì kọ́kọ́ sanwó fún un. Ẹ kò ní wá ẹlẹ́rìí jìnnà lórí èyí: Gómìnà wa, Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Obe-Nla ní Ìlàjẹ ni. Ẹ lọ bá a, ó mọ omi náà.

Mo mọ̀ pé yóò dun àwọn ọ̀gá Néfì. Orílẹ̀-èdè tó tóbi tó tiwa, wọ́n á ní, ó yẹ kó ní ọkọ̀ tó ń fa ojú mọ́ra. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ogun gidi bá dé lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ pẹlẹbẹ Ìgbókòdá kò ní gbà wá. Mo gbà láti fara mọ́ ewu yẹn fún ọdún bíi mélòó kan, kí àwọn tí a ní lè máa jáde. Ẹni tó bá rò pé mo ṣìnà, kó mú ìwé owó wá ká jọ kà á.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún wá gbèjà ìṣúná wọn, kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjìlá dìde béèrè iye ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lò lójú òkun, owó epo àti pátì tí wọ́n béèrè, èyí tí wọ́n rí gbà, àti ojú ewé kan ṣoṣo tó kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tó ń ṣojú Ìlàjẹ àti Ẹ̀sẹ̀-Odò ló yẹ kó kọ́kọ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n bí ti Akúrẹ́ bá ṣáájú rẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín tí kì í ṣe àṣírí, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú un wá sí Ìgbókòdá lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ kà á fún àwọn apẹja ní èdè Ìlàjẹ. Bí ẹ bá ti dá ọjọ́, ẹ fi tó wa létí ní Akúrẹ́ níbí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àwa náà máa wọkọ̀ wá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ìwé owó,
Akúrẹ́.